RÍRA ỌJÀ ỌMỌ ILÉ ẸNI: Ẹ̀kọ́ láti Ilẹ̀ Gánà fún Àwa Ará Ìdálẹ̀

  

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò ìkówójọ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ó ti yẹ kí ènìyàn máa wá ọjà ọmọ ilé rẹ̀ rí, kí ó sì máa rà á, nílé àti lẹ́yìn odi. Mo rò ó títí, mo sì pinnu pé ilẹ̀ Gánà ni n óò ti mú àpẹẹrẹ mi. Ìdí méjì ni ó wà. Èkíní ni pé àwọn ará Gánà ti gbìyànjú ọ̀nà méjì láti gbé oníṣòwò ọmọ onílẹ̀ ga. Wọ́n ti lé àlejò kúrò nídìí òwò, wọ́n sì ti fi iṣẹ́ àti owó ti ọmọ ilé wọn lẹ́yìn. A lè wo ọ̀nà méjèèjì kí á mọ èyí tí ó so èso. Èkejì ni pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí ni òbí yín ti gbé Gánà rí. Èmi pàápàá, Kumasi ni wọ́n bí mi sí.

ÀṢẸ ỌDÚN 1969

Àwo páànù ni bàbá mi ń tà ní Kumasi. Kì í ṣe òun nìkan ni Yorùbá tí ó wà níbẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 1960 fi hàn pé àwọn Yorùbá tí ó wà ní Gánà tó bí 100,000. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, àwọn ará Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìnísà, Ṣakí, Ìgbóho àti Ìlọrin wà níbẹ̀. Láti Accra títí dé Tamale, kò sí ọjà ńlá tí ènìyàn kò ní gbọ́ èdè Yorùbá nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó kúrò nílẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, tí ó ti kọ́ ilé, tí ó ti bí ọmọ, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1970, wọ́n ṣe òfin tí ó fi àwọn òwò kéékèèké, iṣẹ́ takisí àti àwọn mìíràn sílẹ̀ fún ọmọ Gánà nìkan.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Ohun kan tí mo rántí nìyí. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a óò kúrò, obìnrin Asante kan wá sí ilé wa. Ó máa ń gba àwo lọ́wọ́ bàbá mi, a sì máa gbé e lọ sí àwọn abúlé láti tà. Bí ó bá tà á tán ni yóò tó mú owó wá. Ó jókòó, ó tú owó ní ìdí aṣọ rẹ̀, ó ka gbogbo ohun tí ó jẹ wá sílẹ̀, kò dín pésúwà kan. Lẹ́yìn náà ó bi bàbá mi pé, “Bàbá, ta ni yóò máa fún mi lọ́jà ní àwìn báyìí?” Bàbá mi kò rí èsì fún un.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè obìnrin yìí sọ́kàn. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ pé àwọn ń lé wa lọ. Wọ́n ní kí ọmọ Gánà lè rí àyè ṣòwò ni. Ọmọ Gánà ni òun náà, oníṣòwò sì ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a kúrò ni ọwọ́ tí ń fún un lọ́jà kúrò. Ìsọ̀ ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsọ̀ nìkan kò lè sọ ènìyàn di oníṣòwò. Ẹni tí yóò ṣòwò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọjà ti ń wá, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò gbà á gbọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní oníbàárà. Nínú oko kòkó pàápàá, òṣìṣẹ́ wọ́n, nítorí àlejò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1972, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia. N kò sọ pé ìléjáde yìí nìkan ni ó dá wàhálà tí ó dé bá Gánà lẹ́yìn náà sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò mú ọrọ̀ tí wọ́n ń retí wá.

Kí á má sì ṣe bí ẹni pé ọwọ́ tiwa mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà pàṣẹ kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n sì fún wọn. Ọmọ Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ń pè ní “Ghana Must Go” títí di òní. Ǹjẹ́ iṣẹ́ pọ̀ sí i fún wa lẹ́yìn tí wọ́n lọ? Gbogbo ẹni tí ó gbé ayé nígbà náà mọ èsì rẹ̀.

ÌYÁ KAN ÀTI ṢÍLÈ MẸ́WÀÁ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà kejì fún yín. Obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Esther Afua Ocloo. Ọdún 1919 ni wọ́n bí i, ní ilẹ̀ Ewe, ní Peki. Nígbà tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Achimota, kò ní owó kankan ju ṣílè mẹ́wàá tí àbúrò ìyá rẹ̀ fún un. Ó fi ra ọsàn, ṣúgà àti ìgò, ó sì ṣe jáámù ọsàn ìgò méjìlá. Ó gbé e kiri, ó sì tà á tán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí ó kàwé tó bẹ́ẹ̀ ń kiri ọjà bí ẹni tí kò mọ ìwé.

Kí ni ó wá sọ ọ́ di ènìyàn ńlá? Achimota, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde, ni ó kọ́kọ́ ní kí ó máa kó jáámù àti omi ọsàn wá fún àwọn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọn kò ta á lọ́rẹ. Wọ́n fún un ní iṣẹ́, wọ́n sì san owó iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun náà ní kí ó máa kó omi ọsàn wá fún àwọn. Ìwé iṣẹ́ yìí ni ó mú lọ sí báńkì, báńkì sì yá a lówó, ó sì dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1942. Nkulenu ni ó pè é, orúkọ ilé bàbá rẹ̀. Achimota tún ràn án lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ nípa oúnjẹ ṣíṣe àti bí a ti í tọ́jú oúnjẹ kí ó má bàjẹ́.

Nígbà tí ó padà dé, kò jókòó ti tirẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1958, ọdún kan lẹ́yìn tí Gánà gba òmìnira, ó ṣètò àfihàn àwọn ọjà tí a ṣe ní Gánà, kí àwọn ará ìlú lè fi ojú ara wọn rí ohun tí ọmọ ilé wọn ń ṣe. Òun ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ Gánà. Ní ọdún 1979, ó wà lára àwọn tí ó dá Women's World Banking sílẹ̀, láti máa bá àwọn obìnrin tí kò ní ohun ìdúró wá owó yá. Ní ọdún 1990, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn aṣíwájú tí ó bá ebi jà ní Áfíríkà sí. Ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n jọ gbà á? Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wa ni. Ìyá náà di olóògbé ní ọdún 2002.

Ẹ kíyè sí i. Kò sí ẹni tí a lé kúrò nídìí jáámù kí ìyá yìí tó rí àyè. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ni ó pinnu pé ohun tí àwọn ń jẹ ní àárọ̀, ọwọ́ ọmọ tí àwọn tọ́ ni àwọn yóò ti máa rà á. Ohun kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n òun ni irúgbìn gbogbo rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń WÁ ARA WỌN RÍ

Nílé, Gánà ti wá ọ̀nà láti rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí. Ní ọdún 2004, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan pé kí àwọn òṣìṣẹ́ máa wọ aṣọ tí a ṣe nílẹ̀ wọn lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Bí òṣìṣẹ́ bá nílò aṣọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, télọ̀ rí iṣẹ́, ẹni tí ń tẹ àwòrán sára aṣọ rí iṣẹ́, ẹni tí ń ta òwú rí iṣẹ́.

Lẹ́yìn odi náà ńkọ́? Ẹni tí ó bá dé àdúgbò àwọn ará Gánà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Bronx ní New York, tàbí ní Bijlmer ní Amsterdam, yóò rí i pé ibi òkú, ibi ìkọ́mọjáde àti ilé ìjọsìn ni wọ́n ti ń mọ oníṣòwò wọn. Nígbà tí ẹnì kan bá ṣe òkú, wọn yóò wá ẹni tí yóò dáná, ẹni tí yóò ya fọ́tò, ẹni tí ń ta aṣọ dúdú àti pupa, àti ẹni tí ń kó ẹrù lọ sílé nínú kọ̀ńténà. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ń ti ẹnu dé ẹnu. Nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ni a ti ń rí ṣìtó, kẹ́ńkẹ́ àti omi ẹyìn Nkulenu tí a rọ sínú agolo. Ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣílè mẹ́wàá ni ó ń bọ́ ọmọ Gánà ní òkè òkun.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ pé orúkọ nìkan kò tó láti mọ ẹni tí ó ni ọjà. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa mọ aṣọ GTP. Tema ní Gánà ni wọ́n ti ń ṣe é láti bí ọdún 1966, àwọn ará Gánà sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni pé tiwọn ni. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Vlisco ti ilẹ̀ Họ́láńdì. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ Gánà ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí ó sì ń gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ ti ọmọ ilé òun lẹ́yìn gbọ́dọ̀ béèrè ìbéèrè méjì: ta ni ó ni ín, ta ni ó sì ń ṣe é? Èsì méjèèjì lè má bá ara wọn mu.

Ẹ tún wo kente. Ọwọ́ ni àwọn ahunṣọ ìlú Bonwire, lẹ́bàá Kumasi, fi ń hun ún, bí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ṣe ń hun aṣọ òkè. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní òkè òkun ń tẹ àwòrán kente sára aṣọ lásán, wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ní ọdún 2024, UNESCO kọ iṣẹ́ kente sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá ayé. Ohun ìyì ni. Ṣùgbọ́n ìyì kò ní bọ́ ahunṣọ tí ẹni tí ń ra kente bá yan ayédèrú nítorí pé ó pọ̀ lọ́jà. Ojú kan náà ni àdìrẹ Abẹ́òkúta ń rí.

Ọ̀kan wà tí ó kan àwa gan-an. Àwọn ará Gánà máa ń pe ọṣẹ dúdú ní “alata samina”. Alata ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá, wọ́n sì sọ pé láti ara àwọn aláta wa tí ó ń tajà lọ́dọ̀ wọn ni orúkọ náà ti wá. Orúkọ wa ṣì wà lára ọṣẹ náà. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ dé ọjà Lọ́ńdọ̀nù tàbí ti Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú ọṣẹ dúdú tí ó wà níbẹ̀, Gánà ni a kọ sí i lára. A kò lè bínú sí wọn. Àwọn ni ó dì í dáadáa, tí wọ́n kọ ibi tí ó ti wá sí i, tí wọ́n sì jẹ́ kí oníbàárà mọ ibi tí yóò ti tún rí i rà.

Èmi kò sọ pé Gánà ti yan ọ̀nà kejì pátápátá. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2013 tún fi òwò inú ọjà, ilé ìgẹrun àti omi inú ọ̀rá sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan, ó sì béèrè mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àlejò tí ó bá fẹ́ máa tajà. Ní ọdún 2019 àti 2020, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Kumasi àti ní Accra. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n kí á bi ara wa: lẹ́yìn tí a ti ìlẹ̀kùn ẹnì kan pa, ǹjẹ́ jáámù ẹnìkejì ti dùn sí i?

ÀWA NÁÀ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ kí á wálé. Àwa Yorùbá ìlú yìí ní télọ̀, a ní káfíńtà, a ní mẹkáníìkì, a ní alásè, a ní atẹ̀wé. Ṣùgbọ́n kí ni à ń ṣe? Bí a bá fẹ́ rán aṣọ, a ó gbé e lọ sí Ìlọrin. Bí a bá fẹ́ ṣe àga, a ó ní ti Kàdúná ni ó dára. Ìgbà tí a bá sì fẹ́ àwìn ni a máa ń rántí pé ará ilé wa ni télọ̀ ìtòsí. Mo mọ arákùnrin kan ní Sábọ̀n-Gàrí wa yìí tí ó rán aṣọ ẹgbẹ́ fún odidi ọjọ́ ọdún kan. Gbogbo ènìyàn wọ aṣọ náà, wọ́n jó, wọ́n ya fọ́tò. Nígbà tí oṣù mẹ́fà yóò fi pé, kò rí ìdajì owó rẹ̀ gbà. Ó ta ẹ̀rọ méjì nínú mẹ́ta tí ó ní. Lónìí, ọ̀kadà ni ó ń gùn. Kì í ṣe Hausa ni ó lé e kúrò nídìí iṣẹ́, kì í sì í ṣe ìjọba. Àwa ni.

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Obìnrin Asante yẹn kì í ṣe ẹ̀yà wa. Wọ́n ti ní kí á máa lọ, ó lè jókòó sílé rẹ̀ kí ó jẹ gbèsè náà gbé. Síbẹ̀ ó wá san án. Kí ni ó dé tí àwa kì í fi í san ti ọmọ ìyá wa?

Nítorí náà, mo ní ohun márùn-ún tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹgbẹ́ yìí.

Èkíní, kí akọ̀wé wa ṣe ìwé kan, kí ó kọ orúkọ gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò wa sínú rẹ̀, iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe àti àdúgbò tí ó wà. Ẹni tí a kò mọ̀, a kò lè ra ọjà rẹ̀. Àwọn kan ti san owó kí orúkọ iṣẹ́ wọn lè wà nínú ìwé ìrántí tí ẹ óò mú lọ sílé lónìí. Ẹ kà á, ẹ má fi dìpọ̀ ẹ̀pà.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ ṣe bí Achimota ti ṣe. Gbọ̀ngàn tí a ń kówó jọ fún yìí yóò ní ìlẹ̀kùn, yóò ní fèrèsé, yóò ní àga. Kí á fún àwọn ọmọ wa tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣe, kí á kọ ọ́ sínú ìwé, kí á sì fún wọn ní ìdajì owó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí á máa san owó pé, kí á sì máa san án lásìkò. Ẹ má ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dín in kù fún mi, ọmọ yín ni mí.” Bí ọmọ rẹ̀ bá ni ọ́ lóòótọ́, jẹ́ kí ó rí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ san.

Ẹ̀kẹrin, bí iṣẹ́ kò bá dára, kí á pe oníṣẹ́ sí kọ̀rọ̀ kí á sọ fún un. Kí ẹ̀yin oníṣẹ́ náà gbà á. Ẹni tí ó ní ọjọ́ Sátidé ni aṣọ yóò jáde, kí ó má jẹ́ kí Sátidé kọjá. Jáámù tí kò dára, Achimota kò ní rà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀karùn-ún, kí á má ṣe tìtorí èyí kẹ̀yìn sí àwọn onílẹ̀. Ẹran tí a óò jẹ lónìí, ọwọ́ àwọn Hausa ni a ti rà á, tòmátì àti àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ náà sì ti oko wọn wá. Àwọn ni wọ́n sì ń ra aṣọ àti páálí ọjà lọ́wọ́ wa. Bí àwa bá ní a kò rà lọ́wọ́ wọn mọ́, tí àwọn náà ní àwọn kò rà lọ́wọ́ wa, ta ni ebi yóò kọ́kọ́ pa? Àwa tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì rí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́ ẹlòmíràn ní irú rẹ̀.

Alága wa, bàbá mi ti lọ sí ọ̀run kí ó tó rí èsì fún ìbéèrè tí wọ́n bi í ní Kumasi. Ta ni yóò máa fún mi lọ́jà ní àwìn? Èmi rò pé èsì rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá gbà ọ́ gbọ́ ni, ìwọ náà sì ní láti jẹ́ ẹni tí ń san án. Láàárín ẹni méjì tí wọ́n gba ara wọn gbọ́ báyìí ni òwò ti ń dàgbà, yálà ọmọ ìyá ni wọ́n tàbí àlejò àti onílẹ̀. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbọ̀ngàn wa di kíkọ́, kí ó jẹ́ kí á wọ inú rẹ̀ láyọ̀, kí ó sì jẹ́ pé nígbà tí a bá jókòó sórí àga ibẹ̀, a óò lè dárúkọ ọmọ wa tí ó kàn án, a óò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé a kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀.